Ọkùnrin Tí Ara Rẹ̀ Ń Dán

Ọ̀rọ̀ kúkúrú kan péré ni. Ìyá àgbà kan ló sọ ọ́ ní Manigri, ní ilẹ̀ Benin, lábẹ́ igi máńgòrò kan tí kò jìnnà sí títì, níbi tí àwọn obìnrin kóra jọ sí tí wọ́n ń ya kóró kajú kúrò lára èso rẹ̀, tí omi èso náà ti sọ ìka wọn di dúdú. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Kútọnu, tó ń lọ sí Bassila àti Djougou, dúró. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀. Ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ kí ojú rẹ̀ tó yọ. Ọrùn rẹ̀ ká léra ní ìpele méjì. Ó tẹríba, ó kí àwọn ìyá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fi owó díẹ̀ sí wọn lọ́wọ́, ó sì kọjá lọ sí agbo ilé wọn. Bó ṣe kẹ́yìn sí wọn báyìí ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́bìnrin rọra béèrè ìyàwó rẹ̀ tó wà ní Kútọnu, ẹni tí gbogbo ilé ti ń retí oyún rẹ̀ láti ọdún mélòó kan. Ìyá kò gbójú sókè kúrò nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ ò rí i bí ara ọmọ yẹn ṣe ń dán? Ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọ́ ni nǹkan wà o. Kí ìyàwó lọ wá ìwòsàn ara tiẹ̀."

Kò sẹ́ni tó jiyàn. Wọ́n bọ́ sórí iye tí àwọn oníṣòwò ń ra kajú lọ́dún yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ àròkọ yìí jókòó sí ìtòsí wọn, ọ̀rọ̀ náà sì bá a délé, ó bá a sùn, ó bá a jí.

Ìkà kọ́ ló wà nínú ọ̀rọ̀ ìyá. Ẹni tó bá dàgbà sí Manigri mọ àkókò tí iṣu àtijọ́ ti tán, tí tuntun kò sì tíì tó wà. Ó mọ ohun tí ebè kíkọ ń ṣe sí ẹ̀yìn ọkùnrin, ó sì mọ bí ibà ti ń sọ géńdé di egungun láàárín ọjọ́ díẹ̀. Níbi tí ẹran ara ti ń tètè lọ báyìí, ẹni tí tiẹ̀ bá dúró ni wọ́n ń pè ní aláàfíà. Bí ọmọ bá ti ìlú ńlá dé tó rù, ìyá rẹ̀ á béèrè ohun tó ń ṣe é. Bó bá sanra, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àmì tó ti ṣiṣẹ́ fún àwọn bàbá ńlá ni, ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa. Ohun tí kò jẹ́ kí ọkàn balẹ̀ ni pé ìgbésí ayé tó sọ ọ́ di àmì rere ti ń yí padà, àwọn èèyàn sì ń ka àmì náà bí wọ́n ṣe ń kà á tẹ́lẹ̀.

Ọkùnrin tó kúrò nídìí ebè lọ sí Kútọnu tàbí Èkó kò gbé ọkọ́ mọ́. Ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, tàbí sórí zémidjan, ọ̀kadà tó ń gbé èrò, tàbí sídìí ọkọ̀ akẹ́rù láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Oúnjẹ tó ń jẹ lóko kò dín kù, ṣùgbọ́n ìrìn àti iṣẹ́ tó ń jó o dànù ti tán, búrẹ́dì, ẹran díndín àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò sì ti kún un. Kódà ní Manigri fúnra rẹ̀, alùpùpù ti gba ọ̀nà oko lọ́wọ́ ẹsẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2022, àgbàlagbà bíi bílíọ̀nù 2.5 ló wúwo ju bó ṣe yẹ lọ káàkiri ayé, tí mílíọ̀nù 890 nínú wọn sì ti sanra dé ibi tí a ń pè ní àìsàn.

Ìṣirò tí wọ́n fi ń mọ èyí kò le. Wọ́n á fi gíga ẹni ní mítà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, wọ́n á sì fi ohun tó jáde pín kílò tí ẹni náà wọ̀n. Èyí ni wọ́n ń pè ní BMI. Bó bá wà láàárín 18.5 sí 24.9, ara wà déédéé. Láti 25 ó ti pọ̀ jù. Láti 30 ó ti di àìsàn. Fún ọkùnrin tó ga ní mítà 1.70, kílò 73 ti kọjá ààlà àkọ́kọ́, kílò 87 sì ti kọjá èkejì. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí wọ́n ń yìn ní agbo ilé pé ara wọn le ti kọjá ààlà méjèèjì tipẹ́tipẹ́.

Kí ló wá kan ọmọ bíbí nínú èyí? Ọ̀rá kì í kàn án jókòó lásán sára. Ó ń ṣiṣẹ́. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ aromatase. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ testosterone, hòmóònù tó ń mú irùngbọ̀n hù tó sì ń sọ ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin di ńlá, di estrogen, èyí tó máa ń pọ̀ lára obìnrin. Bí ọ̀rá bá ṣe ń pọ̀ ni ìyípadà yìí ń pọ̀. Ẹṣẹ́ kékeré kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tó ń ṣọ́ gbogbo rẹ̀. Bí estrogen bá ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ẹṣẹ́ yìí á gbà pé iṣẹ́ ti tó, á sì dín àṣẹ tó ń rán sí kóropọ̀n kù. Kóropọ̀n tí kò gba àṣẹ tó kò ní ṣe testosterone tó, kò sì ní ṣe àtọ̀ tó. Èyí tó wá burú jù ni pé testosterone tó bá lọ sílẹ̀ tún ń jẹ́ kí ọ̀rá jókòó sí ikùn sí i. Ọkùnrin náà á wá wà nínú àyípo tí kò mọ̀ pé òun wà nínú rẹ̀, torí ohun tí ojú ń rí kò ju pé ó ń gbèrú.

Ooru náà wà níbẹ̀. Ìdí tí kóropọ̀n fi wà níta ara ni pé ó fẹ́ ìtutù. Ìwọ̀n Celsius 2 sí 4 ló fi máa ń tutù ju inú ara lọ. Ọ̀rá itan àti ti abẹ́ ikùn á bò ó mọ́lẹ̀, ìjókòó gbọọrọ lórí àga ọkọ̀ á sì fi kún un. Bí ìtọ̀ ṣúgà bá tún tẹ̀lé sísanra, bó ṣe sábà máa ń tẹ̀lé e, ó lè ba àwọn iṣan tó ń mú nǹkan ọkùnrin dìde jẹ́, ó sì lè jẹ́ kí àtọ̀ gba inú àpò ìtọ̀ lọ dípò kí ó jáde.

Ní ọdún 2013, Nathalie Sermondade àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé kó ìwádìí 21 jọ, èyí tó kan ọkùnrin 13,077. Wọ́n fi àwọn tó wúwo wé àwọn tí ara wọn wà déédéé. Ìṣeéṣe pé sẹ́ẹ̀lì inú àtọ̀ á kéré jù, tàbí pé kò ní sí rárá, fi ìdá 11 nínú 100 pọ̀ sí i fún àwọn tí BMI wọn ti kọjá 25, ó fi 28 pọ̀ fún àwọn tó kọjá 30, ó sì di ìlọ́po méjì fún àwọn tó kọjá 40. Ní Denmark, níbi tí wọ́n ti tẹ̀lé tọkọtaya 47,835, ìwádìí tó jáde ní 2007 fi hàn pé bí BMI ọkọ àti ti ìyàwó bá jọ kọjá 30, ìṣeéṣe pé wọ́n á dúró ju ọdún kan lọ kí oyún tó dúró fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn tí ara wọn wà déédéé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó sún mọ́ Manigri jù, ó kéré tán ní ti iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ló ti wá: àgbẹ̀ Iowa àti North Carolina ní Amẹ́ríkà. Markku Sallmén àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe é gbé àbájáde náà jáde ní 2006. Bí BMI ọkọ bá ṣe ń fi 3 lé sí i, ìṣòro àìtètè rí oyún ń fi bíi ìdá 12 nínú 100 pọ̀ sí i, lẹ́yìn tí wọ́n ti ro ti ọjọ́ orí ìyàwó àti ìwọ̀n ara tiẹ̀ mọ́ ọn. Àgbẹ̀ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló ń kọ ebè wọn. Ẹni tó bá ti rí àgbẹ̀ Manigri kan tó gun alùpùpù lọ bẹ́ àwọn alágbàṣe wò lóko kajú rẹ̀, tó sì gun ún padà wá jẹun ọ̀sán, kò ní fi ti àwọn ará Iowa ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn.

Síbẹ̀, ìyá àgbà lè bi ẹnikẹ́ni tó bá gbé nọ́ńbà wọ̀nyí síwájú rẹ̀ léèrè pé: Àlájì tó wà lójúde kejì ńkọ́, tí ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kó rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, tí ọmọ sì kún ilé rẹ̀? Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí a sáré kọjá lára rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ọkùnrin tó sanra ló ń bímọ. Ìdá 28 nínú 100 tó lé sórí ìṣeéṣe kékeré, kékeré náà ló ṣì ń jẹ́ fún ẹnì kan ṣoṣo. Inú ọ̀pọ̀ èèyàn ni ìyàtọ̀ rẹ̀ ti ń hàn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà pọ̀ tí àtọ̀ fi ń bàjẹ́ tí ìwọ̀n ara kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀: iṣan tó wú nínú ẹpọ̀n, ṣègede tó mú ọkùnrin lẹ́yìn tó ti bàlágà, àtọ̀sí tí wọn kò tọ́jú, sìgá, kóropọ̀n tí kò sọ̀ kalẹ̀ nígbà ọmọdé. Ó ṣeé ṣe kí ohun gbogbo lọ déédéé lára ọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó tún ṣeé ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀. Ojú lásán kò lè mọ èyí tó jẹ́ òótọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ ìyá ti ń dun ẹni tó gbọ́ ọ.

Àwọn àgbà kò kúkú ṣì í nígbà tí wọ́n bẹ̀rù rírù. Ní Denmark kan náà, Tina Kold Jensen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àtọ̀ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin 1,558 wò, wọ́n sì gbé e jáde ní 2004. Àwọn tí BMI wọn kọjá 25 ní àpapọ̀ sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ tó fi 23.9 nínú 100 kéré sí ti àwọn tó wà láàárín 20 sí 25. Àwọn tó rù, tí tiwọn kò tó 20, wá ńkọ́? Tiwọn kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ: 36.4 nínú 100 ló fi dín. Ìwádìí ilẹ̀ Faransé kò rí ti àwọn tó rù yìí kedere tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó sọ pé kí ọkùnrin fi ebi pa ara rẹ̀. Ohun tó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn: apá ibi tí ìyà ti ń wá nígbà ayé tiwọn ni àwọn àgbà rí, wọ́n sì rí i dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ kejì kò sí nígbà náà, tàbí kó jẹ́ pé ìwọ̀nba àwọn ọlọ́lá díẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ta ló ń san gbèsè àmì tí wọ́n ṣì kà yìí? Obìnrin ni. Bí ara dídán bá ti gba ọkùnrin sílẹ̀, ìyàwó á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Á mu àgbo kíkorò láràárọ̀. Á lọ sọ́dọ̀ ààfáà, á gba hantu, omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ Kùránì, bọ̀ nínú ìgò, á fi pa ikùn. Ìyá ọkọ á máa ka oṣù mọ́ ọn lára. Bí owó bá wà, á dé ilé ìwòsàn, wọ́n á yàwòrán inú rẹ̀, wọ́n á fi oògùn sí ilé ọmọ láti mọ̀ bóyá ọ̀nà ẹyin là, èyí tó máa ń dun èèyàn gan-an. Ẹlòmíràn á ṣe gbogbo èyí tán kí ẹnikẹ́ni tó béèrè pé ọkọ ńkọ́. Bó bá yá, wọ́n á fẹ́ ẹlòmíràn lé e, bí ìyẹn náà kò bá lóyún, wọ́n á ní aráyé ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Nǹkan bí ìdajì gbogbo ọ̀ràn àìríbímọ ni ọwọ́ ọkùnrin wà nínú rẹ̀, yálà òun nìkan tàbí òun pẹ̀lú ìyàwó, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní 2023 pé nínú àgbàlagbà mẹ́fà, bí ẹnì kan ni ọ̀ràn yìí máa ń kàn nígbà kan láyé rẹ̀. Ohun tó pọ̀ tó yìí, orí ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń dì í rù.

Àyẹ̀wò tọkùnrin ló sì rọrùn jù. Spermogramme ni àwọn dókítà Benin ń pè é, wọ́n ń ṣe é ní Parakou, wọ́n ń ṣe é ní Kútọnu. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ọ̀bẹ. Ọkùnrin á fi ọjọ́ méjì sí méje yàgò fún obìnrin, á fi ike kékeré gba àtọ̀ rẹ̀, onímọ̀ á sì fi ẹ̀rọ awò wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìwé ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tún ṣe ní 2021 sọ ohun tí wọ́n ń wá: ó kéré tán, sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ mílíọ̀nù 39 nínú gbogbo èyí tó jáde, mílíọ̀nù 16 nínú mìlílítà kan, kí 42 nínú 100 sì máa rìn. Ẹni tí tiẹ̀ bá kéré sí èyí ṣì lè bímọ. Ẹni tó bá ti rí òdo lórí ìwé ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba ojú mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọkùnrin tó ń gbé ike yìí lọ, bó ṣe fi láílọ́ọ̀nù dúdú wé e, tó tún fi ìwé ìròyìn bò ó, tó sì ń wo ọ̀tún wo òsì bóyá ará ìlú rẹ̀ kan wà lórí ìjókòó níta. Ẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ dájọ́ ọkùnrin rẹ̀ ló ń bà á. Bẹ́ẹ̀, agbára lórí ibùsùn àti ohun tó wà nínú àtọ̀ kò rìn pọ̀ dandan. Ọkùnrin lè le bí irin kí àtọ̀ rẹ̀ sì ṣófo.

Ẹ̀rù yìí ló ń lé àwọn kan lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta oògùn lẹ́bàá títì, ibẹ̀ ni ewu tó dun ẹni tó ń kọ èyí jù sì wà. Wọ́n á sọ fún ọkùnrin tó sanra pé testosterone rẹ̀ ló lọ sílẹ̀, òótọ́ sì lè ni. Wọ́n á wá gún un ní abẹ́rẹ́ testosterone. Ara á yá a, á máa rò pé ọmọ ti dé tán. Ẹṣẹ́ ìsàlẹ̀ ọpọlọ yẹn kan náà á rí i pé hòmóònù ti kún ẹ̀jẹ̀, á sì dáwọ́ àṣẹ tó ń rán sí kóropọ̀n dúró pátápátá. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi dán abẹ́rẹ́ yìí wò lára ọkùnrin 271, tí wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1990, gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà ìfètò-sọ́mọ-bíbí: ó ju ìdajì wọn lọ tí àtọ̀ wọn di òfo. Ohun tí wọ́n ń dán wò láti dènà oyún ni àwọn kan ń rà láti fi wá ọmọ. Tramadol tí ọ̀pọ̀ ń gbé mì kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ oko láìrẹ̀ wọ́n náà lè fa testosterone wálẹ̀.

Ohun tó fún gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ní ìrètí ni pé nínú àwọn ohun tó ń ba àtọ̀ jẹ́, ìwọ̀n ara wà lára àwọn díẹ̀ tí ọwọ́ ẹni fúnra rẹ̀ lè tó. Ní Denmark lẹ́ẹ̀kan sí i, ìwádìí kan tó jáde ní 2022 gba ọkùnrin 56 tó sanra, wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ dín oúnjẹ wọn kù gidigidi lábẹ́ ojú àwọn dókítà. Kílò 16.5 ni wọ́n fi fúyẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí a bá pín in dọ́gba. Iye sẹ́ẹ̀lì inú mìlílítà àtọ̀ kan di bí ìlọ́po kan àbọ̀ ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn tí kò jẹ́ kí ara náà padà ni èrè náà dúró fún. Ti àwọn tó tún sanra padà kò dúró.

Irú ìdín-oúnjẹ-kù bẹ́ẹ̀ kò ṣe é dá ṣe nílé láìsí dókítà, kò sì sídìí tí ẹni tó wà ní Manigri fi ní láti dá a ṣe. Iyán kọ́ ni ọ̀tá. Kó dín òkèlè kù kó sì jẹ́ kí ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹja àti wàrà wàgásì pọ̀ nínú àwo. Kó fi omi rọ́pò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Kó gbé alùpùpù sílé kó sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sóko tó wà nítòsí. Kó tún máa gbé ọkọ́. Ẹni tó wà ní Kútọnu kò ní oko, ṣùgbọ́n ó ní ẹsẹ̀.

Yóò gba sùúrù, torí ara kì í yára nídìí iṣẹ́ yìí. Láti ìgbà tí kóropọ̀n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sẹ́ẹ̀lì àtọ̀ kan, yóò tó ọjọ́ 74 kí ó tó parí i, sẹ́ẹ̀lì náà á sì tún lo ọjọ́ mélòó kan lójú ọ̀nà kí ó tó lè jáde. Nítorí náà, ohun tí onímọ̀ ń rí nínú ike lónìí, ìròyìn bí ọkùnrin náà ṣe gbé ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní Fẹ́búárì, nígbà tí kajú ń bọ́ sílẹ̀, kò lè rí èso rẹ̀ lórí ìwé àyẹ̀wò títí di oṣù Karùn-ún, nígbà tí wọ́n bá ń ta èyí tó kẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi ìwé kan ṣoṣo pinnu. Á ní kí ọkùnrin náà padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí ìyàwó rẹ̀ sì bá a wá.